Ṣé ọmọ mi á rí yunifásítì ìjọba wọ̀?

*Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́. Texas la wà, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kíláàsì 11. Nínú ọmọ 520, ipò 41 ló wà. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní University of Texas at Austin ló wù ú. Bàbá rẹ̀ ní bí kì í bá ṣe Austin, òun ò ní sanwó kankan. Àwọn kan nínú ẹbí ní kò lè wọlé, àwọn kan ní ó ti wọlé tán. Ọmọ náà kì í bá wa jẹun pọ̀ mọ́. Ẹ bá mi wò ó, ṣé ìrètí wà?*
*Ìyá tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀*

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Nọ́ńbà méjì tí ẹ kọ síbẹ̀ yẹn wúlò ju gbogbo ohun tí ẹbí ń sọ lọ. Ẹni tó ṣe ipò 41 nínú ọmọ 520 wà nínú ìdá 8 àkọ́kọ́ nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ọdún 1997 ni òfin Texas ti ní kí àwọn yunifásítì ìjọba gba ọmọ tó bá wà nínú ìdá 10 àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé girama ìpínlẹ̀ náà. Texas A&M, University of Houston, UT Dallas: ipò tó wà yìí tó o láti wọ gbogbo wọn. Ọmọ tí ilé ń wò bí ẹni tó fẹ́ fìdí rẹmi nìyẹn o!

Austin nìkan ni tirẹ̀ yàtọ̀. Èrò pọ̀ níbẹ̀ débi pé wọ́n tún òfin náà ṣe fún un ní 2009: bó bá ti fi àwọn tí ipò gbé wọlé kún ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àyè àwọn ọmọ Texas, ó lè dúró. Fún àwọn tó ń wọlé láti 2026, ìdá 5 àkọ́kọ́ ló kù tí ipò ń gbé wọlé tààrà. Nínú ọmọ 520, ẹni 26 péré nìyẹn. Tiyín á wà lára àwọn tí wọ́n ń ka fọ́ọ̀mù wọn láti òkè délẹ̀: iṣẹ́ tó ṣe ní kíláàsì, máàkì SAT tàbí ACT (ìdánwò ìwọlé yunifásítì), àròkọ, ohun tó ń fi ọwọ́ ṣe lẹ́yìn ilé-ìwé. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń du àyè jù. Kí n má purọ́ fún yín, ó le. Ó ṣeé gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe iye kan fún yín pé bí ìrètí ṣe tó nìyí, ó ń méfò ni.

Òfin kì í gba ẹni tí kò kọ fọ́ọ̀mù. Ẹ ní kó gba ìwé èsì rẹ̀ ní ilé-ìwé, kí ẹ fi ìka tọ́ ọ fúnra yín: ṣé 41 nínú 520 ló wà níbẹ̀? Ṣé wọ́n kọ Distinguished Level of Achievement sí i, ìyẹn àmì pé ó ṣe ju ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ girama lọ? Láìsí ìyẹn, ipò nìkan lè má tó, kò sì sí ẹni tó ń rí i gbà láìṣe ẹ̀kọ́ ìṣirò tí wọ́n ń pè ní Algebra II. Ẹ rántí pé yunifásítì ni òfin ṣèlérí, kò ṣèlérí ẹ̀ka. Kó wo ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń bèèrè.

Ti bàbá rẹ̀ ló ká mi lára jù. Ẹ bá a sọ ọ́ nígbà tí ọmọ ò sí nítòsí. Ẹ ṣí i hàn án pé owó ilé-ìwé ti ọmọ ìpínlẹ̀, tó kéré sí ti àlejò, ni ọmọ Texas ń san ní gbogbo ilé-ìwé tí mo dárúkọ yìí, àti pé ọmọ tó gbọ́ "Austin tàbí òfo" á máa fi ẹ̀rù kọ àròkọ, ẹni tó ń kà á á sì rí i. Mo rò pé ohun tó ń lé ọmọ yín kúrò nídìí oúnjẹ ni pé kò tíì sí ẹni tó kí i fún ipò 41 yẹn. Ẹ kí i lónìí, kí "ṣùgbọ́n" kankan má sì tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà kí òun fúnra rẹ̀ kọ orúkọ ilé-ìwé mẹ́rin sílẹ̀, kí Austin wà lókè bó bá ṣì wù ú. Kó ti fi gbogbo fọ́ọ̀mù wọn ránṣẹ́ kí oṣù Kọkànlá tó parí.