Eyín tuntun ọmọ mi ń rún: ṣé ká yọ ọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń ta ẹja. Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún 7. Àwọn eyín tuntun tó hù níwájú ẹnu rẹ̀ ní àmì funfun àti búráùn, eyín ẹ̀yìn kan sì ti ń rún. Bó bá mu omi tútù, ẹkún ni. Ìyá ọkọ mi ní súùtì ni mo fi bà á jẹ́. Aládùúgbò kan ní kí n fi èédú fọ̀ ọ́, ẹlòmíràn ní ká yọ ọ́, pé òmíràn á hù. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹni tó ní ká yọ ọ́ ni n ó kọ́kọ́ dá lóhùn, torí ìmọ̀ràn tirẹ̀ ló léwu jù: òmíràn kò ní hù. Eyín ẹ̀yìn tó ń jáde ní nǹkan bí ọmọ ọdún 6 kì í rọ́pò eyín kankan. Ẹ̀yìn àwọn eyín ọmọdé ló ti ń yọ jáde, ọmọ kò ní ká eyín kó tó hù, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń pè é ní eyín ọmọdé. Eyín àgbà ni.

Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀, ó jọ pé inú egungun ni eyín náà ti ní àbùkù kó tó hù. Láti àsìkò ìbí ọmọ títí dé nǹkan bí ọdún 3 ni èèpo líle tó bo eyín wọ̀nyí ń dá. Bí àìsàn líle, ibà gíga, tàbí bíbí láìpé oṣù bá bọ́ sí àsìkò yẹn, èèpo náà lè má gbó dáadáa. Bíi búlọ́ọ̀kù tí símẹ́ńtì rẹ̀ kò tó ló máa ń rí: ìrísí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n bí ẹrù bá dé orí rẹ̀, á rún. Súùtì kọ́ ló dá àmì yẹn sílẹ̀, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ohun tí súùtì lè ṣe ni pé kó jẹ́ kí eyín tí kò lágbára tètè lu ihò, nítorí náà ẹ dín in kù.

Eyín tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni dókítà máa fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ eyín iwájú àti eyín ẹ̀yìn yìí nìkan, ohun tí mo sọ ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, a ó bi yín bóyá ọmọ ti fẹnu gbálẹ̀ rí, tàbí bóyá eyín ọmọdé tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti gbọyún. Bó bá jẹ́ gbogbo eyín, tọmọdé tàgbà, ó lè jẹ́ àjogúnbá, a ó sì béèrè nípa eyín bàbá àti ìyá. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní tẹtirasáíkílì náà máa ń fi ilà búráùn tàbí aláwọ̀ eérú sí eyín tó ń dá lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 ní kápúsù tí dókítà kò kọ. Ẹ́kísíréè á fi gbòǹgbò hàn wá.

Àmì iwájú ló máa ń ba òbí lọ́kàn jẹ́ jù, ṣùgbọ́n eyín ẹ̀yìn ni kí ẹ tètè gbà là. Bó bá ṣì le díẹ̀, a ó kun fulóráìdì, èròjà tó ń mú eyín le, sí i, a ó sì dí ihò rẹ̀. Bó bá ti rún púpọ̀, a lè fi ìdérí irin bò ó. Bí kò bá ṣeé gbà là, yíyọ rẹ̀ ní àsìkò rẹ̀, láàárín ọdún 8 sí 10, lè jẹ́ kí eyín ẹ̀yìn kejì sún wá síwájú gba àyè rẹ̀; dókítà ló ń fi ẹ́kísíréè mọ àsìkò yẹn. Ohun kan tún wà: abẹ́rẹ́ ìpa-ìrora kì í tètè ràn irú eyín yìí. Bí ọmọ bá ní òun ṣì ń gbọ́ ìrora, òótọ́ ló ń sọ, ẹ má bá a wí. Ti iwájú, a lè fi ohun aláwọ̀ eyín bò ó bó bá ń dójú ti ọmọ.

Ẹ má lo èédú rárá, á tún họ ìwọ̀nba èèpo tó kù. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ lò, láàárọ̀ àti kó tó sùn, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tí fulóráìdì rẹ̀ wà láàárín 1,000 sí 1,500 ppm (ẹ wo ara páálí rẹ̀). Kó tu ìfófò náà dànù, kó má fi omi púpọ̀ yọ ẹnu. Omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ ni kó fi fọ̀ ọ́ bó bá ń ta á.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọsibítù ìjọba tó wà ní Ẹ̀pẹ́. Bí iṣẹ́ náà bá ju tiwọn lọ, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí LUTH, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó, ní Ìdí-Àràbà, níbi tí ẹ̀ka ìtọ́jú eyín ọmọdé wà. Ẹ mú káàdì ìgbà ìbí ọmọ dání, kí ẹ sì lọ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú.