Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé wíwo iṣẹ́ ẹlòmíràn yà lè kọ́ni ní àwòrán ojú ilẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń fi fọ́ọ̀nù mi wo àwòrán oko àlìkámà lábẹ́ òjò tó ṣú, èyí tí Vincent van Gogh, ayàwòrán ará Netherlands, yà, tí mo sì ń fi ọ̀dà akírílíìkì ya irú rẹ̀, nítorí pé mo fẹ́ mọ bí ojú ilẹ̀ lásán ṣe lè fi ohun tó wà lọ́kàn ayàwòrán hàn. Mo fa ìlà onígun mẹ́rin kéékèèké sórí kánfáàsì kí n má bàa ṣìnà, àwọ̀ tèmi sì sún mọ́ tirẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹ̀mí nínú àwòrán mi. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ pé olè ni mò ń jà. Kí ni kí n ṣe? (Òǹkàwé yín, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà. Kì í ṣe olè, bí ẹ bá ti kọ orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà sẹ́yìn kánfáàsì yín. Van Gogh pàápàá wo iṣẹ́ ẹlòmíràn yà: ní Paris, ní 1887, ó ya afárá inú òjò tí Hiroshige ará Japan ti ṣe ní 1857, nígbà tó sì wà ní ilé ìwòsàn ní Saint-Rémy, láàárín 1889 sí 1890, ó ya bí ogún àwòrán láti inú iṣẹ́ Millet, ayàwòrán ará Faransé. Àwòrán aláwọ̀ dúdú àti funfun ló ń wò nígbà náà, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló ní láti pinnu irú àwọ̀ tí yóò fi sí i. Ó kọ̀wé sí Theo àbúrò rẹ̀ pé bí ẹni tó ń fi ohun èlò kọ orin Beethoven ṣe ń fi òye tirẹ̀ kún un ni òun náà ń ṣe.

Ìpinnu yẹn gan-an ni iṣẹ́ yín kò ní. Èmi kò fara mọ́ ìlà onígun mẹ́rin fún irú àwòrán yìí, nítorí pé ìrísí nǹkan ni ìlà bẹ́ẹ̀ ń ṣọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni àwòrán yìí kò ní igi, ilé tàbí ènìyàn kan tí ẹ lè máa ṣọ́ ìrísí rẹ̀. Oko nísàlẹ̀ àti òfuurufú lókè ni, lórí kánfáàsì tó ga tó nǹkan bí 50 sẹ̀ǹtímítà, tó sì gùn ní ìlọ́po méjì rẹ̀. Van Gogh yà á ní Auvers, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Faransé, ní oṣù Keje, 1890. Ó kọ̀wé pé òun gbìyànjú láti fi ìbànújẹ́ àti ìdáwà tó lágbára hàn nínú àwọn oko wọ̀nyẹn, ó sì fi kún un pé wọn yóò sọ ohun tí òun kò lè fi ẹnu sọ nípa bí ìgbèríko ṣe ń fún ènìyàn lókun. Ipa ọwọ́ rẹ̀ ló fi sọ ọ́: búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń gbá lọ gbọọrọ nínú òfuurufú, àmọ́ kúkúrú ló ń já nínú oko.

Fọ́nrán ọ̀dà tó nípọn wọ̀nyí kì í hàn dáadáa lójú fọ́ọ̀nù, ìdí nìyẹn tí tiyín fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ má fi omi la ọ̀dà yín púpọ̀, ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ̀, kí ẹ sì yára, nítorí pé akírílíìkì tètè ń gbẹ. Ẹ kọ́kọ́ fi dúdú àti funfun nìkan yà á láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ máa tọ ipa ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ pa fọ́ọ̀nù dé, kí ẹ sì tún un yà láti orí, pẹ̀lú àwọ̀ tí ó bá ìmọ̀lára tiyín mu, ìbáà jẹ́ pupa tàbí àwọ̀ aró tó ṣú gan-an.

Èyí tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ gun Láyípo, ilé ìṣọ́ gíga tó wà ní Òkè Àrẹ̀ ní Ìbàdàn, nígbà tí òjò bá ṣú, kí ẹ fi òrùlé ìlú tó ti dípẹtà rọ́pò oko àlìkámà, kí ẹ sì yà á tán kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó bọ́.