Abẹ́rẹ́ Prolia kan ṣoṣo, kí ló dé tí yúníìtì ẹ̀ fi jẹ́ 60?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ billing ní kíníìkì kékeré kan níbí ní Houston. Wọ́n gún màmá kan lábẹ́rẹ́ Prolia torí osteoporosis, àìsàn tó ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́, Medicare, ìnṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, ni màmá ń lò. Mo kọ J0897 tó jẹ́ kóòdù oògùn náà, mo fi àmì JZ sí i, mo kọ yúníìtì 1 torí abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n gún, mo wá fi 96372, kóòdù owó gígún, tẹ̀lé e. Owó tó wọlé kéré débi pé ọ̀gá wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ mọ́ mi, abẹ́rẹ́ tí wọ́n rà ju ẹgbẹ̀rún dọ́là lọ! Ṣé kí n fi kíléèmù míì ránṣẹ́ ni? Kí ni kí n sì máa wò kó má tún ṣẹlẹ̀ mọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀, owó yẹn ò tíì sọnù. J0897 kì í ka abẹ́rẹ́, mílígíráàmù ló ń kà. Yúníìtì kan, mílígíráàmù kan. 60 mg ló wà nínú síríǹjì Prolia ẹyọ kan, torí náà 60 lo máa kọ. Bó o ṣe kọ 1 yẹn, ohun tó o sọ fún Medicare ni pé ìdá kan nínú ọgọ́ta lẹ fún màmá, àwọn náà sì sanwó ìdá kan fún yín láìjiyàn.

Má fi kíléèmù tuntun ránṣẹ́ o. Ti àkọ́kọ́ ti gbowó, duplicate ni wọ́n máa pe èyí tuntun, wọ́n á sì kọ̀ ọ́. Reopening, ìyẹn kí wọ́n tún kíléèmù yẹn ṣí, ni kó o bèèrè lọ́wọ́ MAC yín, iléeṣẹ́ tó ń bá Medicare sanwó kíléèmù, Novitas ni tàwọn ará Texas, kó o ṣàlàyé pé àṣìkọ ni, kí wọ́n yí 1 sí 60. Ọdún kan lo ní látọjọ́ tí wọ́n ti pinnu lórí kíléèmù yẹn, kò sídìí láti gbé appeal (ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn) dìde torí nọ́ńbà téèyàn ṣì kọ. Ṣùgbọ́n kó o tó kàn sí wọn, wo nóòtì nọ́ọ̀sì: ṣé ó kọ 60 mg, ṣé ó kọ pé abẹ́ awọ ni wọ́n gún un sí, ṣé déètì wà níbẹ̀? Tó bá jẹ́ "a fún un ní Prolia" lásán ló wà nínú fáìlì, kí ni wàá fi ti 60 yẹn lẹ́yìn, tí wọ́n bá ní kó o mú ẹ̀rí wá?

JZ tó o fi sí i dáa. Síríǹjì ẹlẹ́ẹ̀kan ni, wọ́n lò ó tán, JZ ló ń sọ pé kò sí èyí tẹ́ ẹ dà nù. Àti July 2023 ló ti di dandan, àti October ọdún yẹn ni Medicare sì ti ń dá èyí tí ò bá ní in padà. Irú èyí tí wọ́n bá dá padà báyẹn la máa ń tún ṣe lọ́tun, torí wọn ò tiẹ̀ tíì gbé e yẹ̀ wò.

Ibi tí mo ti ń rí wàhálà jù, ká sòótọ́, ibi diagnosis ni. Dókítà á kọ osteopenia, ìyẹn egungun tó ti ń fúyẹ́ àmọ́ tí kò tíì di osteoporosis, sínú nóòtì, ẹni tó ń bíìlì á fi kóòdù àìsàn M81.0 sí i torí ó mọ̀ pé ìyẹn ló ń gbowó, àbúrò, má dán an wò, ohun tí dókítà bá kọ nìwọ náà máa kọ, tí kò bá yé ẹ, bi í. M81.0 wà fún osteoporosis tí egungun ò tíì ṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́. Tó bá ti ṣẹ́ rí tó sì ti jinná, M81.0 náà ni, wàá wá fi Z87.310, kóòdù pé egungun ti ṣẹ́ rí, kún un. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé màmá kàn yọ̀ ṣubú ní kíṣìnnì tí egungun ẹ̀yìn ṣẹ́, irú ìṣubú tí kò lè ṣẹ́ egungun ẹni tó le, M80, kóòdù osteoporosis tí egungun ti ṣẹ́, lo máa lò, kì í ṣe kóòdù jàǹbá lásán, kó o sì rántí lẹ́tà tó ń parí ẹ̀, tó ń sọ ibi tí ìtọ́jú dé.

Abẹ́rẹ́ míì, Xgeva, náà ń lo J0897, oògùn kan náà tó ń jẹ́ denosumab ló wà nínú ẹ̀ àti nínú Prolia, ṣùgbọ́n 120 mg nìyẹn, iṣẹ́ jẹjẹrẹ tó ti dé egungun ló ń ṣe, torí náà má jẹ́ kí software máa fa yúníìtì ti tẹ́lẹ̀ jáde fún ẹ. Tí kíníìkì yín bá sì ti yí sí Jubbonti, oògùn tí wọ́n ṣe jọ Prolia, Q5136 ni tiẹ̀, kì í ṣe J0897 mọ́.

Ẹ̀wẹ̀, fún àwọn tó ń lo ìnṣọ́ránsì aládàáni: tó bá jẹ́ fámásì ló fi oògùn ránṣẹ́ tó sì ti gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ ìnṣọ́ránsì, ẹ ò ra nǹkan kan nìyẹn, owó gígún nìkan lẹ ní, 96372, kẹ́ ẹ fi J0897 sílẹ̀.

Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń gún un. Tẹ́ ẹ bá yá jù, wọn ò ní sanwó. Tẹ́ ẹ bá sì pẹ́ jù torí ẹ̀ ń dúró de ìwé àṣẹ ìnṣọ́ránsì, ìyẹn tiẹ̀ burú jù, torí egungun ẹ̀yìn lè ṣẹ́ tí oògùn bá ti kúrò lára, torí náà bẹ̀rẹ̀ ìwé àṣẹ tó bá ku bí oṣù kan.

Ohun kan wà tí ọ̀gá yín lè má rántí o: tí Novitas bá ti tún un ṣe sí 60, ìpín 20% tó kan màmá náà máa gbéra, ó lè ju igba dọ́là lọ. Wò ó bóyá ó ní Medigap (ìnṣọ́ránsì àfikún Medicare) tàbí Medicaid (ìrànwọ́ ìjọba fún àwọn tí owó wọn ò tó) tó máa gbà á, kó o sì pè é lórí fóònù kí bíìlì yẹn tó dé ilé ẹ̀.