Ta ni Lucky Dube, báwo ló sì ṣe di olórin rẹ́gè?

Ọmọ Gúúsù Áfíríkà ni. Ermelo ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1964. Oyún ti bà jẹ́ mọ́ ìyá rẹ̀ lára rí, ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ́ ní Lucky, ọmọ olóríire. Ìyá àgbà ló tọ́ ọ dàgbà.

Kì í ṣe rẹ́gè ló kọ́kọ́ kọ o. Mbaqanga ló fi bẹ̀rẹ̀, orin ìgboro tó ń fi èdè Súlù kọ, ó sì ń tà. Ṣùgbọ́n bó bá ti fi rẹ́gè díẹ̀ kún un lórí ìtàgé, ńṣe ni èrò máa ń hó yèè. Ló bá gbé Rastas Never Die jáde ní 1984. Àwo náà ò tà, ìjọba apartheid, ìyẹn ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun tó ń ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀, sì fòfin dè é. Ẹlòmíì ì bá sáré padà sídìí ohun tó ń mówó wá, àmọ́ Lucky ta kú, ohun tí mo sì fẹ́ràn jù nípa rẹ̀ nìyẹn. Slave (1987) ló wá sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká, nígbà tó yá, Prisoner (1989) náà jáde.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 2007, ó gbé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Rosettenville ní Johannesburg. Ibẹ̀ ni àwọn olè tó fẹ́ gba ọkọ̀ rẹ̀ ti yìnbọn pa á. Ó ṣì ń dùn mí. Ní 2009, ilé ẹjọ́ rán mẹ́ta nínú wọn lọ sẹ́wọ̀n gbére.