Ẹ Bi Dẹ́rẹ́bà: Bọ́ọ̀sì Mẹ́ta Tó Ń Mú Àlejò Wo Lọ́ńdọ̀nù

Ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè yín lójú ewé yìí wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọmọ mi tó ń gbé ní Peckham ní kí n wá kí òun lóṣù Keje, ṣùgbọ́n àárọ̀ kùtù ni tọkọtìyàwó ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Mo fẹ́ rí Big Ben, ilé Ọbabìnrin àti London Bridge. Wọ́n ní kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì aláìlórùlé tó ń gbé àlejò kiri, àmọ́ nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ sí náírà, mo pa fóònù dé. Orúnkún mi náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Báwo ni kí n ti ṣe é? — *Ìyá Olùkọ́, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ẹ tọ́jú owó yín. Àdúgbò ọmọ yín gan-an ni bọ́ọ̀sì tí ẹ ń wá ti ń kọjá.

Bọ́ọ̀sì 12 ni ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Láti Peckham, ó ń gba Camberwell àti Elephant and Castle, á gun afárá Westminster, á gba Trafalgar Square, kó tó parí sí Oxford Circus. Owó ọkọ̀ rẹ̀ kò tó pọ́n-ùn méjì. Bí ẹ bá sì tún wọ bọ́ọ̀sì mìíràn kí wákàtí kan tó pé láti ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ fi káàdì kan ẹ̀rọ, wọn ò ní yọ kọ́bọ̀ kún un.

Dẹ́rẹ́bà kì í gbowó lọ́wọ́ èrò o. Láti 2014 ni wọ́n ti fòpin sí ìyẹn. Ẹ ní kí ọmọ yín bá yín ra káàdì Oyster, èyí tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀, kó sì rọwó sí i. Tiyín nìkan ni o. Ẹni méjì kì í pín káàdì kan lò. Nínú bọ́ọ̀sì, ìgbà tí ẹ bá ń wọlé nìkan lẹ máa fi kan ẹ̀rọ. Rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ló yàtọ̀: ẹ ó fi kan án wọlé, ẹ ó fi kan án jáde, káàdì kan náà sì ni. Ẹni tó bá fi káàdì wọlé tó wá fi fóònù jáde, iye tí wọ́n máa yọ lọ́wọ́ rẹ̀ á yà á lẹ́nu.

Ó ku ọ̀rọ̀ orúnkún. Ìjókòó iwájú pátápátá lókè ni ibi ìwòran, lọ́wọ́ òsì. Àmọ́ ìgbà tí ọkọ̀ bá ṣì dúró ni kí ẹ gun àtẹ̀gùn, kí ẹ sì di irin mú gírígírí, nítorí kì í ṣe gbogbo dẹ́rẹ́bà ló ń dúró kí èrò jókòó kó tó ṣíná. Àkókò ló ń lé wa. Bí orúnkún bá kọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìjókòó àwọn àgbà wà nísàlẹ̀ nítòsí ẹnu ọ̀nà. Ẹ sọ fún ọmọ kékeré tó bá jókòó síbẹ̀ pé kó dìde. Kò ní jiyàn. Ẹ má jáde kí agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ tó lù, torí àwọn òṣìṣẹ́. Bó bá sì jẹ́ ọjọ́ ilé ìwé, ẹ ti wà nílé kí agogo mẹ́ta tó kọjá. Àwọn ọmọ ilé ìwé á rọ́ wọlé nígbà yẹn, ariwo wọn sì ju ti kíláàsì tí ẹ fi sílẹ̀ lọ.

Lórí afárá Westminster, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti Big Ben á wà lọ́wọ́ òsì yín, London Eye, àgbá ńlá tó ń gbé èrò yí lókè, á wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ọkọ̀ bá ti wọ Whitehall, òsì náà ni Downing Street, níbi tí ọ́fíìsì olórí ìjọba wà, àti àwọn sójà tó jókòó sórí ẹṣin láìmi. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Trafalgar Square. National Gallery, ilé àwòrán ńlá, wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ sì mọ́. (Ẹ̀yin àgbà, ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.) Láti ibẹ̀, ọ̀nà tó ń jẹ́ The Mall lọ tààrà sí ààfin. Ọba ọkùnrin, Charles, ló wà lórí oyè báyìí. Ẹ gba inú ọgbà St James's Park, bẹ́ǹṣì pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀ẹ́ sì rí ẹyẹ òfú, ẹyẹ tí wọ́n dárúkọ nínú Sáàmù 102, tí wọ́n ń rìn létí omi bí ẹni tó ni ilẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní ìpààrọ̀ ẹ̀ṣọ́ ààfin, kì í ṣe ojoojúmọ́, èrò rẹ̀ sì pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ èmi, mi ò ní forúnkún ṣòfò síbẹ̀.

Bọ́ọ̀sì 78 ni ti ọjọ́ kejì. Afárá tó wà nínú kàlẹ́ńdà, tó ní ilé gogoro méjì, kì í ṣe London Bridge, Màmá. Tower Bridge ni, 1894 ni wọ́n ṣí i, orí rẹ̀ gan-an ni bọ́ọ̀sì 78 ń gbà. London Bridge tòótọ́ wà lápá ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Tower Bridge kí ẹ sì ya fọ́tò.

Bọ́ọ̀sì 177 ni mo fẹ́ràn jù. Láti Peckham, ó ń gba Deptford lọ sí Greenwich. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ National Maritime Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ojú omi, níta gbangba, ẹ máa rí ìgò ràgàjì kan tí ọkọ̀ ojú omi wà nínú rẹ̀, tí ìgbòkun rẹ̀ jẹ́ aṣọ aláràbarà bí àǹkárá. Iṣẹ́ Yínká Shóníbáre ni, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù tó dàgbà sí Èkó. Láti 2010 sí 2012, Trafalgar Square ni ìgò náà wà. Tí agbára bá ṣì wà, ẹ tún wọ 177 dé Woolwich. Ọkọ̀ ojú omi ńlá kan ń sọdá odò Thames níbẹ̀ láti 1889, kì í gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wọ̀ ọ́ lọ, ẹ wọ̀ ọ́ bọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni pé orí idẹ Ifẹ̀ wà ní British Museum? Mélòó ni wọ́n ń gbà? Ó dùn mí pé mo fẹ́ sanwó wo ohun ìní baba mi. — *Ọmọ Oòduà, Ilé-Ifẹ̀*

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Àgbàlá Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ni wọ́n ti hú u ní 1938, ó sì dé ọwọ́ wọn ní 1939. O ò ní sanwó, ọ̀fẹ́ ni. Láti Camberwell, wọ bọ́ọ̀sì 68, kí o sọ̀ ní Russell Square. Ìsàlẹ̀ ilé náà ni iyàrá Áfíríkà wà. Ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ lọ, ẹsẹ̀ á ti rẹ̀ ọ́ bí o bá fi ti Íjíbítì ṣáájú. Àwọn idẹ tí wọ́n kó ní Ìbíní ní 1897 náà wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn tí Olówè Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, ọwọ́ wọn náà ló wà. Ó yẹ kó dùn ọ́. Lọ wò ó pẹ̀lú ìdùnnú àti ìbínú rẹ.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìpàdé iṣẹ́ ló ń gbé mi lọ. Kí ni kí n ṣọ́ra fún jù? — *Ọ̀dọ́, Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn: Ọ̀tún rẹ ni kí o kọ́kọ́ wò kí o tó sọdá títì. Nàìjíríà náà ń wakọ̀ lápá òsì tẹ́lẹ̀, ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 la yí padà, Ìlú Ọba kò yí padà. Wọ́n kọ «LOOK RIGHT» sílẹ̀ níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo Big Ben kì í wo ilẹ̀.

Èkejì ni fóònù. Má dúró létí títì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ pé o ń wá ọ̀nà. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ oníná máa ń ti ẹ̀yìn wá já a gbà, kí o tó pariwo wọ́n ti lọ. Wọ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan, kọ ẹ̀yìn sí ògiri, kí o wo máàpù rẹ tán kó o tó jáde.

Ìbéèrè: Ṣé oṣù Kejìlá dára láti kó àwọn ọmọ wá? — *Bàbá Ìbejì, Òṣogbo*

Ìdáhùn: Ó dára, àmọ́ oòrùn á ti wọ̀ kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ìta ni kí ẹ fi òwúrọ̀ wò, kí ẹ wá wọ Natural History Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nípa ẹranko àti ohun abẹ̀mí, lọ́sàn-án. Ọ̀fẹ́ ni, inú rẹ̀ sì móoru. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kì í sanwó bọ́ọ̀sì. Ẹ ra ìbọ̀wọ́ ju ẹyọ kan lọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa sọ ọ̀kan nù.