Ìdí tí ẹ kò fi rí fídíò eré tí a ṣe ní WNTV

Ẹni tí ó béèrè ibi tí òun ti lè ra fídíò àwọn eré oníṣe tí WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ní Ìbàdàn, gbé jáde ṣáájú ogun Biafra, ẹ má wulẹ̀ náwó lé e lórí. Mo wà nínú ọ̀kan nínú àwọn eré náà, mo sì wá a láti Òṣogbo dé Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfo ni mo bá bọ̀.

Ẹ tún kọ ọ́ pé ìjọba àpapọ̀ ló dá WNTV sílẹ̀. Rárá o. Ní 1953, Gómìnà Macpherson bẹnu àtẹ́ lu ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ti Awólọ́wọ̀ lórí rédíò ìjọba, Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fèsì níbẹ̀, wọn kò gbà. Nígbà tí òfin 1954 wá fún àwọn ẹkùn láyè láti ní ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwọn, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn da òwò pọ̀ mọ́ Overseas Rediffusion, ilé iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù October 1959. Òfin ológun ti 1977 ló sọ ọ́ di ara NTA, tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀. Ní ti “Àkọ́kọ́ ní Áfíríkà” tí a fi ń yangàn, ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ló yẹ kí a máa sọ, nítorí Mòrókò ti ní tiwọn láti 1954.

Ohun tó jẹ́ kí eré wa pòórá ni pé bí a ti ń ṣe é lójú kámẹ́rà ni ó ń jáde nílé àwọn òǹwòran. Ní 1965, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nínú ẹgbẹ́ eléré kan; a wọ ọkọ̀ ojú irin ní Òṣogbo tìlù-tìlù, a sọ̀ ní Dùgbẹ̀, a sì forí lé Agodi. Eré tí a ń fi wákàtí mẹ́ta ṣe ní gbọ̀ngàn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fún wa, nítorí náà ọ̀gá wa gé ìjúbà kúrò, ó gé ìran méjì, ó sì dín ọ̀rọ̀ ẹnu mi kù sí gbólóhùn mẹ́rin. Mo ti rán aṣọ funfun báláú fún ọjọ́ náà. Ẹni tó di kámẹ́rà mú wò mí, ó ní aṣọ náà ń tàn débi pé ojú mi dúdú bí ìdí ìkòkò, òun kò rí imú mi. Èmi ọmọ Òṣogbo ìlú aró, funfun ni mo gbé wá! Obìnrin kan nínú wa tú àdìrẹ rẹ̀ fún mi, mo dà á bora. Nígbà tó kàn mí, mo kọjú sí ọba gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe lórí ìtàgé, mo kọ̀yìn sí kámẹ́rà, mo sì sọ gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ògiri. Kò sí pé à ń tún un ṣe. Ìyá mi, tó lọ wò ó nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn, ní àdìrẹ nìkan ni òun rí.

Nígbà tí téèpù tí a fi ń gba àwòrán sílẹ̀ dé, ó wọ́n, kárí ayé ni wọ́n sì ti ń gba nǹkan tuntun lé ti àtijọ́ lórí, títí kan BBC.

Fọ́tò ni kí ẹ wá. Àwọn ìwé Atọ́ka àtijọ́, ìwé ìròyìn tí ń fi fọ́tò sọ ìtàn eré, kún fún àwòrán ẹgbẹ́ eléré. Bí ẹ bá ń wá ti Dúró Ládiípọ̀, ọ̀gá eléré tó dá Mbárí Mbáyọ̀, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962, ẹ lọ sí Centre for Black Culture ní Abéré, níbi tí wọ́n kó ìwé àti fọ́tò Ulli Beier, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tó gbé iṣẹ́ ọnà Yorùbá lárugẹ, sí. Ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ àti ọdún tí ẹ ń wá dání, kí ẹ sì tún ya ilé àwọn onífọ́tò àgbà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn ṣì ní fíìmù tí wọ́n fi ya àwọn fọ́tò náà nínú páálí.