Nọ́ńbà Benin tí kò wọlé mọ́, àti adìrẹ tó ń lọ sí Amẹ́ríkà

Ẹ kú ọjà o. Ìyá tó béèrè pé kí ló dé tí nọ́ńbà oníbàárà òun ní Kútọnu kò wọlé mọ́, tí wọ́n sì tún fẹ́ fi adìrẹ ránṣẹ́ sí ọmọ wọn ní Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn. Ìtòkú níbí, ní Abẹ́òkúta, ni mo ti ń ta adìrẹ, ọ̀rọ̀ méjèèjì ló sì ti ná mi lówó.

Ti nọ́ńbà ni kí n fi ṣáájú. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, orílẹ̀-èdè Benin yí nọ́ńbà fóònù wọn padà. Òǹkà mẹ́jọ ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, mẹ́wàá ló dà. 01 ni wọ́n fi síwájú èyí tí kálukú ti ní. Bí ẹ bá ti kọ ti oníbàárà yín sílẹ̀ pé +229 97 àti ìyókù rẹ̀, +229 01 97 àti ìyókù rẹ̀ ni báyìí. 229 wà níbi tó wà. Ẹ má sì yọ òdo yẹn kúrò o! Àwa níbí, tí ẹni tó wà lókè òkun bá fẹ́ pè wá, ó máa ń yọ òdo iwájú kúrò lẹ́yìn 234. Ó ti mọ́ wa lára, ibẹ̀ gan-an la sì ti ń ṣì í. Ti Benin, tòdo-tòdo ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́.

Èmi ò tètè mọ̀. Mo ní oníbàárà kan ní Kétu, Yorùbá bíi tiwa, tó gba ogún ìdì adìrẹ lọ́wọ́ mi láwìn. Mo pè é títí, obìnrin inú fóònù ń sọ Faransé sí mi létí, mi ò gbọ́ ohun tó ń wí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Mo sọ fún àwọn tí a jọ ń tà pé ó ti gbé owó mi sá lọ, mo sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tó yá ni awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Ìmẹ̀kọ gbé owó náà dé ọ̀dọ̀ mi, kò dín kọ́bọ̀. Bébà ìwé ọmọ iléèwé ló fi wé e. Ara bébà náà ló kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí, ó sì fi bírò fa ilà méjì sábẹ́ 01 yẹn, bí ẹni pé ó mọ̀ pé mi ò ní rí i. Mo pè é lójú ẹsẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ń dùn mí títí di báyìí.

Ti Amẹ́ríkà ló wá le jù. Tẹ́lẹ̀, ọjà tí kò bá ju 800 dọ́là lọ ń wọ ọ̀dọ̀ wọn láìsan owó ibodè. Ààrẹ Trump ló fòpin sí i, ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2025 ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ìgbà náà, bí ọjà ti wù kó kéré tó, owó ibodè wà lórí rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí wọ́n ti ṣètò owó náà kí ẹrù tó dé. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ káàkiri ayé kò tíì ní ọ̀nà tí wọn yóò fi gbà á. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án bẹ̀rẹ̀, UPU, àjọ tó kó ilé ìfìwéránṣẹ́ gbogbo àgbáyé pọ̀, ní ilé-iṣẹ́ 88 ló ti dá gbogbo ẹrù tó ń lọ síbẹ̀ dúró tàbí apá kan rẹ̀.

Inú oṣù kẹjọ yẹn gan-an ni mo fi adìrẹ ẹlẹ́kọ mẹ́fà ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, páálì náà padà sọ́dọ̀ mi. Igun rẹ̀ kan ti rẹ, wọ́n ti ya téèpù rẹ̀ wọ́n sì tún un lẹ̀. Bí mo ṣe ṣí i, òórùn aró gba gbogbo yàrá. Mo wo ìwé ibodè tí mo lẹ̀ mọ́ ọn: “aṣọ” nìkan ni mo kọ sí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ kó kún. Òwú ni, ọwọ́ la fi rẹ ẹ́ láró, Nàìjíríà la ti ṣe é, ọ̀pá mélòó, iye tó jẹ́ gan-an. Bó bá jẹ́ ẹ̀bùn fún ọmọ yín ni, tí kò sì ju 100 dọ́là lọ, òfin ṣì fàyè gbà á láìsanwó. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ tà, ẹ má pè é ní ẹ̀bùn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà ní káńtà ilé ìfìwéránṣẹ́ kí ẹ tó di ẹrù: ṣé ẹ ń gba ọjà fún Amẹ́ríkà lónìí? Ta ló máa san owó ibodè, èmi ni àbí ẹni tó máa gbà á? Kí wọ́n sì fún yín ní nọ́ńbà tí ẹ ó fi máa tọpa rẹ̀, lẹ́tà méjì, òǹkà mẹ́sàn-án, kó wá parí sí NG. Láìsí i, ẹ má kúrò níbẹ̀.

Bí ọmọ yín bá sì fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ padà, ẹ sọ fún un kó má ra wọkí-tọkí. Àbúrò mi tó ń ṣètò ayẹyẹ ní kí wọ́n ra mẹ́fà bọ̀, irú FRS tí ẹnikẹ́ni ń lò ní Amẹ́ríkà láìgba ìwé àṣẹ. Ní Nàìjíríà, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, gbọ́dọ̀ ti yẹ irú rédíò bẹ́ẹ̀ wò kí wọ́n fọwọ́ sí i, ìgbì tó ń lò náà sì ní òfin tirẹ̀. Wọ́n dá a dúró ní ibodè, kò sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ títí di òní.

Ẹ kọ́kọ́ fi 01 yẹn sí i ná, kí ẹ tún pè é. Bí kò bá wọlé síbẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbí. Oníbàárà mi ti Kétu máa ń lọ sí Kútọnu, mo lè ní kó bá yín wá a.